Jáàsì wo ni ká rà fún ìjọ wa ní Àkúrẹ́, báwo la sì ṣe máa tò ó?

Akọrin Ọ̀bà-Ilé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ìgbìmọ̀ wa tó ná owó ìjọ ní ìnákúnàá. Èmi ni mo ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ọ̀bà-Ilé. Jáàsì (àkójọ ìlù òyìnbó tí ẹnì kan ṣoṣo ń lù) tá a ń lò láti bí ọdún mẹ́sàn-án ti kú tán. Tọ́ọ̀mù kan (ọ̀kan nínú àwọn ìlù olóhùn jíjinlẹ̀ tó wà lára ẹ̀) ò láwọ ìsàlẹ̀ mọ́, símbà kan (àwo idẹ tí wọ́n ń fọ̀pá lù) ti ya láti etí dé ihò àárín, wáyà la sì fi so ẹsẹ̀ béèsì (ìlù ńlá tí wọ́n ń fi pẹ́dà ẹsẹ̀ lù) mọ́ ara ẹ̀.

Ìjọ dáwó, ₦800,000 ló wà nílẹ̀. Ọjà méjì la rí. Àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní ìgboro Àkúrẹ́: tuntun ni, olójú méje, ó pupa fòò, ó ń dán bíi mọ́tò ìyàwó, símbà mẹ́rin wà lára ẹ̀, àmọ́ kò sí orúkọ kankan tá a mọ̀ lára ẹ̀. ₦720,000 ló pè é. Èkejì jẹ́ tòkúnbọ̀ Pearl Export olójú márùn-ún, dúdú, ara ẹ̀ ti họ níbì kan, sítáàǹdì wà, pẹ́dà wà, símbà ò sí. Ẹni tó ń tà á ní ₦480,000.

Alága ìgbìmọ̀ wa ní ṣebí méje ju márùn-ún lọ, àti pé ohun tuntun ló yẹ ká gbé wá síwájú Ọlọ́run. Onílù wa, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ní tòkúnbọ̀ yẹn ni kí wọ́n bá òun rà. Kí lẹ rí sí i? Ẹ tún bá mi sọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, torí gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ọmọ yìí ń di ẹ̀yìn mú tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga.

Ṣàtúnṣe Ìlù

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ọ̀gá akọrin. Ẹ bá mi kí alága yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ìlù nìkan ni wọ́n ń kà nínú iye yẹn, wọn kì í ka símbà. Olójú márùn-ún túmọ̀ sí béèsì kan, snare kan (ìlù pẹlẹbẹ tó ní wáyà lábẹ́), tọ́ọ̀mù mẹ́ta. Olójú méje kàn fi tọ́ọ̀mù méjì lé e ni. Tí ẹni tó ṣe é bá ní iye kan pàtó tó fẹ́ ná sórí igi àti irin, tó wá pín in sí méje dípò márùn-ún, ẹran ò pọ̀ sí i, àwo ló pọ̀ sí i.

Ẹ má lọ fojú lásán wo ọjà kankan nínú méjèèjì. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ mú téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ìlù, èyí tí wọ́n fi ń yí àwọn bóòtù tó ń fún awọ. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kẹ́ ẹ tú awọ tọ́ọ̀mù kan ó kéré tán. Tó bá kọ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Mo máa sọ ohun tójú mi rí. Ẹnì kan gbé jáàsì tuntun wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní tọ́ọ̀mù kan ń ké bí agolo mílíìkì, bó ti wù kóun fún awọ ẹ̀ tó. Mo tú awọ yẹn kúrò. Mo dojú igi náà bolẹ̀ sórí gíláàsì tábìlì mi, mo pa iná ilé, mo wá ti ọwọ́ òkè na tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí ìmọ́lẹ̀ pálọ̀ ṣe máa ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn tí ò kan ilẹ̀? Bó ṣe yọ níbi mẹ́ta nìyẹn. Etí igi yẹn ni awọ ń jókòó lé. Tó bá ti wọ́, kò sí bóòtù tó lè fún un kó gún. Ìlù tí wọ́n ń pè ní tuntun, oṣù méjì péré ló tíì lò nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn ẹnu ìlù náà láti ọ̀tún sí òsì, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n láti iwájú sẹ́yìn. Tí iye méjèèjì ò bá dọ́gba, igi ti di ẹyin nìyẹn. Ẹ wo inú ẹ̀ bóyá ikán ti dé ibẹ̀, bóyá pátákó ti ń là ní ewé-ewé. Ìlù tó bá sùn sórí sìmẹ́ńtì nígbà òjò ní Àkúrẹ́ yìí, omi á fa gọ́ọ̀mù inú ẹ̀ ya. Ẹ fọwọ́ yí bóòtù kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá ń yí láìdúró, eyín ti jẹ tán nínú ilé ẹ̀. Ẹ tan wáyà abẹ́ snare, kẹ́ ẹ sì tú u sílẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ọwọ́ ẹ̀ ṣì dì í mú.

Ẹ má bẹ̀rù ara tó họ. Ara tó họ kì í sọ̀rọ̀.

Ọmọ North Gate

Ẹ̀gbọ́n Ṣàtúnṣe ti sọ ọ́ tán. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ni mo wà, mo ń lu fún ìjọ akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá akọrin, ẹ béèrè iye íǹṣì àwọn tọ́ọ̀mù Pearl yẹn o. Tó bá jẹ́ 12, 13 àti 16 pẹ̀lú béèsì 22, ìlù ńlá ni, ohùn ẹ̀ máa wúwo. Tó bá jẹ́ 10, 12 àti 14, ó máa ń tètè dáhùn, ó sì rọrùn fún ẹni tí apá ẹ̀ ò gùn. Báwo ni onílù yín ṣe ga tó?

Akọrin Ọ̀bà-Ilé

Kò ga rárá. Mo bi ẹni tó ń tà á lórí fóònù, ó ní 10, 12, 14, béèsì 22, snare 14. Ẹ ṣé gan-an.

Mọ̀mí Alto

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọkùnrin, kí ẹnì kan gba tàwa náà rò. Iwájú aro gan-an ni mo máa ń dúró sí nínú ẹgbẹ́ akọrin (mo mọ̀ pé símbà lẹ̀ ń pè é, aro ni Sáàmù 150 pè é, ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí). Bí ọmọ yẹn bá ti fọwọ́ kàn án, mi ò gbóhùn ara mi mọ́. Tí mo bá délé, etí mi ṣì ń hó títí di àṣálẹ́. Òrùlé páànù, ògiri rírẹ́, ilẹ̀ onítáìlì, kí ló fẹ́ gba ohùn mì níbẹ̀? Ẹ bá wa wá jáàsì tí kì í pariwo.

Ọ̀gá Sáwúńdì

Mọ̀mí, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe àròyé lásán. Ìwọ̀n ohùn tí àwọn onímọ̀ ìlera ní èèyàn lè wà nínú ẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ láìséwu ni 85 décibel. Gbogbo ìgbà tó bá fi 3 lé, kẹ́ ẹ dín àkókò yẹn kù sí ìdajì. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ dé 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni, jáàsì tí wọ́n ń lù tagbáratagbára nínú yàrá kékeré sì máa ń kọjá 100 dáadáa. Onílù fúnra ẹ̀ ló wà nínú ewu jù lọ. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń dí etí fún un, ẹ ra fún ara yín náà.

Kò sí jáàsì tí kì í pariwo, àmọ́ símbà tí kò dáa ló ń gún etí jù. Ibẹ̀ ni mo ń bọ̀. Ọ̀gá akọrin, símbà mẹ́rin tí wọ́n fi kún olójú méje yẹn, mo lè fi ìyẹ́ orí adìyẹ búra láì rí i pé idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bàbà tí wọ́n pò mọ́ síńkì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọwọ́ ilẹ̀kùn. Tẹ́ ẹ bá lù ú, á dún bí ìdérí ìkòkò. Èyí tó gbé e díẹ̀ ni wọ́n ń pè ní B8: nínú ìwọ̀n 100, 92 jẹ́ bàbà, 8 jẹ́ tánńganran. Ohùn ẹ̀ mú, ó sì ṣe é lò. Èyí tí àwọn àgbà onílù ń wá ni B20, 80 bàbà, 20 tánńganran. Àdàpọ̀ tí ìdílé Zildjian ti ń dà láti 1623 ní ìlú tá à ń pè ní Istanbul lónìí nìyẹn, kí wọ́n tó kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ohùn ẹ̀ máa ń tú jáde bí ìgbà téèyàn da omi sílẹ̀, á sì rọlẹ̀ fúnra ẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo di owó yín mú, màá fi bí ìdajì ra ìlù, màá fi èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ra símbà, màá wá fi èyí tó kù ra awọ. Hi-hat (símbà méjì tó dojú kọra, tí ẹsẹ̀ ń pa dé) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ra, torí òun ló ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Ní íǹṣì, hi-hat 14, crash (símbà tí wọ́n ń gbá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan) 16, ride (símbà ńlá tí ọ̀pá ń lù lemọ́lemọ́) 20. Kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi crash kejì ṣe lọ́dún yìí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra símbà tòkúnbọ̀, ẹ fi èékánná tọ etí ẹ̀ yí ká. Ibi tí èékánná bá ti há díẹ̀, ó ti fẹ́ ya. Ẹ wo ihò àárín: ó yẹ kó rí róbótó. Tó bá ti fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ihò kọ́kọ́rọ́, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti lò ó lórí irin ìhòòhò, kò fi rọ́bà wọ̀ ọ́. Ẹ gbé e kọ́ sórí ìka, kẹ́ ẹ fọwọ́ gbá a jẹ́jẹ́. Tó bá ń gbọ̀n bí agbọ́n tó há sínú ìgò, ẹ dá a padà.

Bàbá Jùjú Oǹdó

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín láti Oǹdó. Ogún ọdún ni mo fi lu jáàsì fún àwọn ẹgbẹ́ jùjú, orúnkún ló lé mi dìde lórí àga. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, mo ń rẹ́rìn-ín.

Alága yín ní méje ju márùn-ún lọ. Ẹ sọ fún wọn pé àgbàlagbà kan ní Oǹdó ní mẹ́rin tó. Béèsì, snare, tọ́ọ̀mù kékeré kan, tọ́ọ̀mù ilẹ̀ kan. Ohun tí mo fi jẹun fún ogún ọdún nìyẹn. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ẹnì kan ni ìyáàlù, ẹnì kan ni kẹríkẹrì, ẹnì kan ni gúdúgúdú, kálukú gbájú mọ́ tiẹ̀. Jáàsì ni òyìnbó fi kó iṣẹ́ gbogbo wọn jọ sọ́wọ́ àti ẹsẹ̀ ẹyọ ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀: ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń lu béèsì, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń lu snare. Ẹ̀yìn ìgbà tí ilé iṣẹ́ ìlù Ludwig ṣe pẹ́dà béèsì jáde ní Amẹ́ríkà ní 1909 ni ẹsẹ̀ wá gbawájú. Nítorí náà, kì í ṣe iye ojú ìlù ló ń ṣeni, bí ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ṣe gbọ́ra wọn yé ni.

Ẹ wo Tony Allen, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó ní 1940, tó kú ní Paris ní 2020. Ìlù tó fi gbé Afrobeat ró pẹ̀lú Fẹlá kò pọ̀ lọ títí. Hi-hat tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ nígbà yẹn, tí ẹlòmíràn ò tiẹ̀ fẹsẹ̀ kàn, òun ló fi ń sọ̀rọ̀.

Mo gbà pẹ̀lú Ṣàtúnṣe: ẹ ra tòkúnbọ̀. Àmọ́ ọmọ tó ń di ẹ̀yìn mú yẹn ló ká mi lára. Àga wo ló ń jókòó lé?

Akọrin Ọ̀bà-Ilé

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Àga ike ni, sà. Funfun.

Bàbá Jùjú Oǹdó

Àga ike alápá?

Akọrin Ọ̀bà-Ilé

Bẹ́ẹ̀ ni, sà. A gé apá ọ̀tún ẹ̀ kúrò kí ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ lè ráyè.

Bàbá Jùjú Oǹdó

Áà! Ẹ ti rí ohun tó ń ṣe ọmọ ọlọ́mọ. Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ra àga onílù, èyí tó ń yí, tó sì ṣe é gbé sókè-sódò. Láti orí àga ni wọ́n ti ń to jáàsì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ to ìlù kó tó gbé àga dé ìdí ẹ̀, ara ẹ̀ ló ń fi wọ aṣọ tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà jókòó láàárín ilẹ̀, kí ìlù kankan má sí níwájú ẹ̀. Ẹ gbé àga sókè títí itan ẹ̀ á fi rọra dà síwájú díẹ̀, kí ìbàdí ga ju orúnkún lọ fún nǹkan bí ìka méjì sí mẹ́ta. Kó wá dijú, kó na ẹsẹ̀ bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá balẹ̀ sí, ibẹ̀ ni pẹ́dà béèsì máa wà. Ibi tí ẹsẹ̀ òsì bá balẹ̀ sí, ibẹ̀ ni hi-hat. Ìlù ló ń wá ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kì í wá ìlù. Tọ́mọ náà bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ yí gbogbo ẹ̀ padà, ẹ má sọ fún un pé kó fara dà á.

Snare wá bọ́ sáàárín orúnkún méjèèjì, kó ga ju itan lọ díẹ̀, kí ọ̀pá má baà máa gbá a lẹ́sẹ̀. Ojú ẹ̀ á tẹ́ tàbí kó rọra tẹ̀ síwájú ẹni. Tọ́ọ̀mù méjì orí béèsì, ẹ má dá wọn lójú délẹ̀ bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń ṣe é kó lè dáa nínú fọ́tò. Bí ojú ìlù bá ti dà jù, imú ọ̀pá nìkan ló ń gún awọ, á dá ojú sí i lára. Tọ́ọ̀mù ilẹ̀ á bá snare dọ́gba. Ride á lọ sílẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí ìgbọ̀nwọ́ ò ti ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà kó tó dé ibẹ̀. Crash ò gbọdọ̀ ga ju ibi tí ọwọ́ lè dé láì gbé èjìká lọ.

Ẹ má de símbà pinpin. Ẹ jẹ́ kó mì. Símbà tí wọ́n bá de mọ́lẹ̀ máa ń ya bí igi tí ìjì bá, tí kò lè tẹ̀.

Ọmọ North Gate

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ní ọdún kejì mi, èjìká ọ̀tún ń dùn mí bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ńtì, àṣé ride mi ló jìnnà. Mo fà á sún mọ́ra ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó tán.

Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un: tẹ́ ẹ bá tò ó tán, ẹ wá téèpù aláwọ̀ funfun, kẹ́ ẹ fi sàmì sórí kápẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹsẹ̀ sítáàǹdì kọ̀ọ̀kan wà. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé kì í dá nǹkan padà sí ipò ẹ̀.

Mọ̀mí Alto

Àwa tá a ń gbálẹ̀ ti gbọ́ o.

Akọrin Ọ̀bà-Ilé

😄 Ẹ má bínú, Mọ̀mí. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tún ní ṣé kò ní dáa ká ra èyí tó ń lo iná mànàmáná, kí ariwo lè dínkù? Kí lẹ rí sí i?

Ọ̀gá Sáwúńdì

Nínú ilé, fún ìdánrawò, ó dáa gan-an, ẹ ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó sétí gbọ́ ọ. Fún ìjọ yín, rárá. Ẹ ó nílò spíkà tó lágbára fún un lọ́tọ̀, tí wọ́n bá sì mú iná láàárín ìyìn, ìlù kú nìyẹn títí jẹnẹrétọ̀ á fi dáhùn.

Dípò ẹ̀, ẹ gbé jáàsì kúrò ní kọ̀rọ̀ ògiri, torí kọ̀rọ̀ ń dá ohùn padà. Ẹ ta kápẹ́ẹ̀tì nípọn sábẹ́ ẹ̀, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gígùn, mẹ́fà ní fífẹ̀. Ẹ fi kọ́tìnì tó wúwo kọ́ sẹ́yìn onílù. Ẹ ra ọ̀pá tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ dì pọ̀ bí ìgbálẹ̀ kékeré, ìyẹn á din ohùn kù gan-an nígbà orin jẹ́jẹ́. Ọ̀pá gidi tí ẹ máa lò nígbà ìyìn, 5A tó, ẹ má ra 2B tó nípọn jù ú lọ fún ọmọ kékeré nínú yàrá onípáànù. Ẹ yí ọ̀pá náà lórí tábìlì kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó bá ń fò, ó ti wọ́.

Máìkì kan sínú béèsì, ó pọ̀ jù lọ kẹ́ ẹ fi ọ̀kan sókè orí. Ìlù yòókù á dé ibi tó fẹ́ dé fúnra ẹ̀.

Akọrin Ọ̀bà-Ilé

Ọ̀sẹ̀ kan ó lé ti kọjá, mo padà wá jábọ̀.

A lọ wo méjèèjì. Ti oníṣòwò tuntun yẹn, ó ní a ò lè tú awọ kankan àfi tá a bá sanwó. Mo rántí Ṣàtúnṣe, mo ní ó dàbọ̀. Alága ò kọ́kọ́ dùn sí i. Nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ oní-Pearl, onílù wa jókòó, ó lu snare lẹ́ẹ̀kan péré, alága wò mí, wọ́n ní, "Ṣé èyí ni wọ́n ń sọ pé ó họ?"

A tú awọ tọ́ọ̀mù méjì, a tan tọ́ọ̀ṣì, kò sí ìmọ́lẹ̀ tó yọ níbì kankan. Ìwọ̀n rẹ̀ ṣe déédéé. Nínú béèsì la ti bá ìrọ̀rí ọmọdé kan tó ní àwòrán ẹja lára, ó ti gbó, ó ṣì ń run pọ́dà. Ọwọ́ wáyà snare ti dẹ̀, bóòtù kan ò sì sí lára tọ́ọ̀mù ilẹ̀. A fi ìyẹn nájà, ó sọ ọ́ di ₦430,000. Ẹnì kan tó ń lọ Èkó bá wa ra hi-hat àti crash B8 tuntun ní Olóṣà, Mushin, pẹ̀lú àga. Ride B20 tòkúnbọ̀ la rí ra, Ọmọ North Gate ló bá wa fi èékánná tọ etí ẹ̀. Ọlọ́run á san án fún un.

Wàhálà tó kù: a ra awọ tuntun, a dè é, àmọ́ tọ́ọ̀mù ń hu bí ìkookò, snare sì ń ké ṣaaa nígbàkígbà tẹ́nì kan bá fọwọ́ kan gìtá béèsì. Béèsì ìlù náà sì ń rìn lọ síwájú lórí táìlì bí ẹni ń lọ gba ọrẹ.

Ṣàtúnṣe Ìlù

Ẹ kú oríire! Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Awọ. Ẹ tú u kúrò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu etí igi yí ká, eruku díẹ̀ ń da ohùn rú. Ẹ gbé awọ lé e, ẹ gbé rímù (òrùka tó ń di awọ mú) lé e, ẹ fi ọwọ́ lásán, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́, yí gbogbo bóòtù títí ọwọ́ ò fi lè yí i mọ́. Ẹ wá fi ìkúùkù tẹ àárín awọ náà mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn bí ìgbà tí igi iná ń ta, ẹ má fòyà, gọ́ọ̀mù inú ẹ̀ ló ń jókòó. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wàyí. Ẹ má yí bóòtù tẹ̀lé ara wọn bí ẹni ń tò lórí ìlà. Ẹ yí ọ̀kan ní ìlàjì, kẹ́ ẹ bọ́ sí èyí tó kọjú sí i lódìkejì, bí ẹni ń de nọ́ọ̀tì táyà mọ́tò. Nígbà tí awọ ò bá hun jọ mọ́, ẹ fi ọ̀pá kàn án jẹ́jẹ́ níwájú bóòtù kọ̀ọ̀kan, bí íǹṣì kan sí etí. Kí gbogbo wọn máa ké ohùn kan náà. Ibi tó bá rẹlẹ̀, ẹ fún un. Ibi tó bá ga, ẹ dẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà, ẹ fún un ní wákàtí kan.

Híhu yẹn: awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ ló ń bá ara wọn jà. Ẹ ṣe ti ìsàlẹ̀ kó bá ti òkè dọ́gba tàbí kó ga jù ú lọ díẹ̀. Tó bá ṣì ń hu, ẹ ya téèpù kékeré kan, ẹ ká a bí ìdodo, ẹ lẹ̀ ẹ́ sẹ́bàá etí. Ẹyọ kan. Mo ti rí ẹni tó lẹ téèpù mẹ́sàn-án mọ́ tọ́ọ̀mù kan, ó wá ń bi mí pé kí ló dé tí ìlù òun ò dún.

Snare tó ń ké ṣaaa, kò sí snare tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹ dẹ wáyà ẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé àńpù gìtá kúrò níwájú ẹ̀, kí onílù sì máa tú wáyà náà sílẹ̀ nígbà ìwàásù. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọdé: awọ abẹ́ snare tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀rá, wọn kì í fọ̀pá kàn án. Ọmọ kan dojú tèmi dé ní ṣọ́ọ̀bù, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀pá ya á wọlé.

Bàbá Jùjú Oǹdó

Ọmọ, ẹ̀yin ń gbádùn. Awọ ewúrẹ́ ni ti gángan: òjò á rọ̀, ohùn á wálẹ̀, a ó wá oòrùn tàbí iná tá a máa yá a sí. Láti 1957 tí ilé iṣẹ́ Remo ní Amẹ́ríkà ti ń ta awọ oníke tí wọ́n sọ ní Weather King, òjò ò lè fi awọ jáàsì ṣe nǹkan kan. Igi àti irin ẹ̀ lẹ máa ṣọ́. Lóṣù Keje, ẹ máa fi aṣọ tó kan epo díẹ̀ nu bóòtù.

Ti béèsì tó ń rìn, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì. Rọ́bà wà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yí rọ́bà náà wọlé, irin ṣóńṣó á yọ. Ẹ tì í síwájú díẹ̀, kó gún kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ara kápẹ́ẹ̀tì yẹn dé abẹ́ àga onílù, kí ìwọ̀n ara ọmọ náà fúnra ẹ̀ máa dì í mú.

Ìrọ̀rí ẹlẹ́ja yẹn, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ dá a padà sínú béèsì, kó kàn fara kan awọ méjèèjì díẹ̀. Ẹni tó fi síbẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Akọrin Ọ̀bà-Ilé

A ti ṣe gbogbo ẹ̀ ní alẹ́ Sátidé, títí aago mẹ́wàá. Béèsì dúró. Híhu ti lọ lára tọ́ọ̀mù méjì, ti ilẹ̀ ló kù, mo sì rò pé bóòtù tí kò sí lára ẹ̀ yẹn ló fà á, torí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ṣì hun jọ. Lánàá, onílù wa sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, kò di ẹ̀yìn mú. Mọ̀mí ní àwọn gbọ́ ohùn ara wọn ní orin kejì.

Ta ló ní bóòtù tọ́ọ̀mù ilẹ̀ Pearl kan nílé, tàbí tó mọ ẹni tó ń tà á ní Ọjà Ọba tàbí níbikíbi ní Àkúrẹ́? Ẹyọ kan péré ni.

Ṣàtúnṣe Ìlù

Ẹ mú ọ̀kan lára èyí tó wà níbẹ̀ wá bí àpẹẹrẹ, kí n fi wọn gígùn ẹ̀. Mo ní agolo bọnfíta kan tó kún fún wọn.